Ẹfinrin Kò Rọ́pò Omi

Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní ọmọ oṣù mẹ́jọ, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti já ewé ẹfinrin lẹ́yìnkùlé, mo fọ̀ ọ́, mo gbo ó, mo sì fún un mu, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti máa ń ṣe fún wa. Ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn yóò fi yọ, ojú ọmọ ti jìn, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó ń sunkún láìsí omijé.

Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ mi kò bú mi. Ó ní, "Màmá, ewé kọ́ ló burú. Omi àti iyọ̀ ló ń tán lára ọmọ."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ewé àwọn ìyá wa kì í ṣe ewé lásán. Ẹfinrin, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ocimum gratissimum, jẹ́ ìbátan sage àti mint. Òórùn tó ń ta wá nímú bí a bá ra á lọ́wọ́ ń wá láti inú òróró kan tó máa ń tètè bá ooru lọ. Thymol ló pọ̀ nínú òróró àwọn kan, eugenol, tí kànáfùrù náà ní, ló sì pọ̀ nínú ti àwọn mìíràn. Thymol yìí kan náà wà nínú àwọn omi ìfọnu kan tí a ń rà. Láti ọdún 1969 ni Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ ìwádìí jáde lórí ẹfinrin gẹ́gẹ́ bí oògùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Òróró náà ń pa oríṣiríṣi kòkòrò àìsàn nínú ìgò àyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n inú ìgò kọ́ ni ikùn ọmọ. Kò sí ẹni tó lè wo ìkúnwọ́ ewé kó mọ ìwọ̀n thymol inú rẹ̀. Pàtàkì jù lọ, omi tó ń tán lára ni ìgbẹ́ gbuuru fi ń pa ọmọ, ẹfinrin kò sì lè dá a padà.

Bí kò bá sí ORS nílé, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí ó má kún kọjá etí ṣíbí, mọ́ omi mímọ́ lítà kan. Ẹ máa fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì dá ọmú dúró. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí kò lè mu nǹkan, ilé ìwòsàn yá.

Mo ṣì ń fi ẹfinrin se ọbẹ̀. Ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí n sọ ìkòkò ni mo ń dà á sí i, kí òróró rẹ̀ má baà bá ooru lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ ń wá.