Ìwé Ìgbàwọlé Nìkan Kò Tó

Ọdọọdún ni ayọ̀ ń ṣubú lu ayọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìgbàyè, ní Òkukù, ní Ìníṣà àti ní Ìkìrun, nígbà tí orúkọ àwọn ọmọ wa bá jáde láàrin àwọn tí yunifásítì gbà wọlé. Àwọn òbí tí wọ́n fi owó epo pupa, owó iṣu àti owó kòkó rán ọmọ ní ilé-ìwé a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. A bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a sọ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ìwé ìgbàwọlé kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a fi ìlù àti orin sìn dé ọ̀nà ni ó padà wálé kí ọdún méjì tó pé, tí owó òbí ti wọlẹ̀, tí ojú sì ń ti ọmọ. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe olódo. Àìmúrasílẹ̀ ni ó ṣe wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB gbé èsì ìdánwò àṣewọlé jáde. Nínú àwọn ọmọ 1,955,069 tí wọ́n ní èsì, àwọn tí kò gba tó 200 nínú 400 lé ní 1,500,000. Lóòótọ́ ni àjọ náà gbà pé àṣìṣe ẹ̀rọ ba èsì jẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó àti ní ìlà-oòrùn gúúsù, tí wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ bí 380,000 tún ìdánwò ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ yọ gbogbo ìwọ̀nyí kúrò, àwọn tí kò dé ìdajì ṣì pọ̀ ju àwọn tí ó dé e lọ. Lẹ́yìn èyí ni a fi máàkì 150 ṣe òṣùwọ̀n tí yunifásítì kankan kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù ú lọ ní ọdún náà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọmọ tí ó gba 160 lè jókòó ti ọmọ tí ó gba 300 nínú gbọ̀ngàn kan náà, kí olùkọ́ kan náà máa kọ́ wọn, kí a sì fún wọn ní ìbéèrè kan náà dáhùn. Ta ni yóò fa ẹni ẹ̀yìn dé ọ̀dọ̀ ẹni iwájú? Kò sí ẹnì kan tí a yan iṣẹ́ náà fún.

Ní ayé àtijọ́, afárá wà lórí odò yìí. University College, Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ní ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún àwọn tí wọn kò tí ì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oyè. Lẹ́yìn náà ni Higher School gbilẹ̀: ọmọ tí ó bá jáde ní gírámà yóò lo ọdún méjì gbáko lórí ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré, yóò kọ́ bí a ti ń ka ìwé ńlá, bí a ti ń kọ àròkọ gígùn, àti bí a ti ń dá nìkan jókòó ti iṣẹ́. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 dé ní 1982, a fi ọdún kan kún ti yunifásítì, Higher School sì di ohun ìgbàgbé ní ilé-ìwé ìjọba. Àwọn ètò bíi IJMB àti JUPEB ṣì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n owó ni a fi ń ṣe é, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ni ó lè san án lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó WAEC àti JAMB. Nítorí náà, ọmọ mẹ̀kúnnù a máa fo odò náà láìsí afárá.

Kí ni ó wà ní òdìkejì? Ní ilé-ìwé gírámà, olùkọ́ a kọ nóòtì sí ojú pátákó, ọmọ a dà á kọ, a sì há a sórí de ìdánwò. Ní yunifásítì, olùkọ́ a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, a dárúkọ ìwé mẹ́ta, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ yúnìtì kan túmọ̀ sí wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15. Ohun tí ọmọ bá fi kún un fúnra rẹ̀ ni yóò sọ bí yóò ti rí. Ọ̀nà ìṣirò èsì pàápàá yàtọ̀. Bí ọmọ bá gba A, tí í ṣe 5, nínú ẹ̀kọ́ yúnìtì 2, tí ó sì gba òdo nínú ẹ̀kọ́ yúnìtì 3, 10 ni àròpọ̀ rẹ̀. Bí a bá fi yúnìtì 5 pín in, 2 péré ni ó kù. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ti jẹ èrè èkejì. Ọdún kìn-ín-ní sì ni ìpìlẹ̀ ìṣirò yìí: ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.50 yóò gbìyànjú gidigidi kí ó tó lè gòkè dé 3.50 ní ìparí.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí wa. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní 2006 nígbà ìjọba Gómìnà Ọlágùnsóyè Oyínlọlá, ọmọ bíbí Òkukù, ní ọgbà kan ní Òkukù níbi tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àkóso òwò àti ìmọ̀ àwùjọ. Láti Ìgbàyè, ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn. Ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ ilé kì í ṣe ìsúnmọ́ ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó yan Economics ni ó rò pé òun ti sá fún ìṣirò láti ìgbà tí òun ti kọ WAEC tán. Bí ó bá dé kíláàsì, ìṣirò ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Ibikíbi tí ọmọ bá sì wọlé sí ní Nàìjíríà, yóò ṣe ẹ̀kọ́ lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kìn-ín-ní. Ẹni tí kò lè ka ojú ìwé mẹ́wàá kí ó sọ kókó wọn ní gbólóhùn márùn-ún ti ru ẹrù tí ó wúwo ju orí rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti ìparí oṣù kẹfà tí ìdánwò WAEC ń parí, títí di ìgbà tí yunifásítì yóò gba ọmọ tuntun, oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Nínú oṣù wọ̀nyí ni afárá tí a ń wá wà. Kí ọmọ wá ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọdún kìn-ín-ní lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ṣe é, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó le jù fún un. Kí ó máa ka orí kan nínú ìwé, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì kọ ohun tí ó rántí sílẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Roediger àti Karpicke, dán èyí wò ní 2006. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó kà á léraléra ni ó mọ̀ ọ́n jù; ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ó pa ìwé dé tí wọ́n sì gbìyànjú láti rántí ni ó borí. Ẹ̀yin olùkọ́ ti mọ èyí tipẹ́: ohun tí a há ní alẹ́ ìdánwò kì í pẹ́ lórí.

Ohun kejì ni kí wọ́n má ṣe máa dá nìkan kà á. Ní àwọn ọdún 1970, ní Yunifásítì California ní Berkeley, olùkọ́ ìṣirò kan tí ń jẹ́ Uri Treisman fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú fi ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò ọdún kìn-ín-ní. Ó rí i pé wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí wọn kò ṣàìfẹ́ ìwé. Olúkúlùkù wọn ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ kàwé, nígbà tí àwọn ọmọ Ṣáínà ń pé jọ, tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, tí wọ́n sì ń tọ́ ara wọn sọ́nà. Ó kó àwọn ọmọ dúdú náà jọ, ó gbé ìbéèrè líle ka iwájú wọn pé kí wọ́n jùmọ̀ ṣe é, èsì wọn sì yí padà gidigidi. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwa tí a ni òwe náà kò yẹ kí a jẹ́ kí àjèjì lò ó jù wá lọ.

Àwọn kan yóò wí pé ó ti rẹ ọmọ, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Àwọn mìíràn yóò wí pé oko àti ọjà ni ó yẹ kí ó lọ ní oṣù wọ̀nyí, kí ó lè rí owó ilé-ìwé. A kò bá wọn jà, nítorí òótọ́ ni pé ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò lè pa oko run. Owó tí ọmọ bá fi oṣù mẹ́ta kó jọ kò sì lè tó ìdá kékeré nínú ohun tí òbí yóò pàdánù bí ọmọ bá tún ọdún ṣe.

Nítorí náà, a fi ọ̀ràn yìí lọ ẹ̀yin olùkọ́. Ilé-ìwé ṣófo ní àkókò ìsinmi. Tábìlì àti pátákó wà níbẹ̀. Kí olùkọ́ ìṣirò kan àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan fi ọjọ́ díẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n pe àwọn àgùnbánirọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì bọ̀, kí wọ́n sì pe àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n wá lo ìsinmi nílé, kí wọ́n wá sọ ohun tí ojú wọn rí fún àwọn àbúrò wọn. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pèsè ìwé àti iná.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni ó sọ òṣèlú ilẹ̀ wa di ohun iyì. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955, tí àwọn ọmọ tí ó lé ní 800,000 sì wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òjijì ni. Láti 1952 ni Awókòyà ti gbé ètò náà ka iwájú ilé ìgbìmọ̀. A kọ́ ilé, a sì tọ́ olùkọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ní ọdún kan náà ni a dá Modern School sílẹ̀, kí ọmọ tí kò rí gírámà wọ̀ má baà ṣubú sí àárín ọ̀nà. Àwọn àgbà yẹn mọ̀ pé ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹní dè é. Lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ń ṣèlérí yunifásítì tuntun àti ọgbà tuntun. Nígbà tí olùdíje bá wá sí Ìgbàyè tàbí Ìníṣà láti tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè pé: ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ ọ̀fẹ́ wo ni ìwọ yóò ṣètò fún àwọn ọmọ tí ń lọ sí ọdún kìn-ín-ní ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn àti Ìfẹ́lódùn? Owó rẹ̀ kò tó owó ilé kan ṣoṣo. Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ mọ̀ pé ariwo lásán ni ó ń pa.

Ẹ̀yin ọmọ wa pẹ̀lú, ẹ gbọ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ ti gba ìwé ìgbàwọlé. Ẹ kú oríire. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí a óò pe orúkọ yín ní gbọ̀ngàn kí ẹ tó ṣí ìwé. Ọ̀la ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.