Mítà Tó Ń Pariwo: Ta Ló Ni Ín, Ta Ló Yẹ Kó Tún Un Ṣe?

  Lójú ìwé ọrọ̀-ajé yìí, bí a ṣe ń fi owó ránṣẹ́ sílé àti bí a ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù la sábà máa ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun kékeré kan la mú wá, èyí tó ń dún kọ̀ kọ̀ kọ̀ lára ògiri. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni, ó sì lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Nílé ọ̀kan nínú àwa tí ń kọ ojú ìwé yìí, ní Moncalieri, wọ́n wá pààrọ̀ mítà gáàsì. Mítà àtijọ́ ti wà níbẹ̀ kí a tó kó dé, a kì í sì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n gbé tuntun síbẹ̀, èyí tó ní ojú kékeré bíi ti fóònù, òṣìṣẹ́ náà ní kí a bu ọwọ́ lùwé, ó sì lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, bí caldaia tó ń gbé omi gbóná ṣe gbaná, mítà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń kan ìlẹ̀kùn, ògiri sì ń gbọ̀n tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ògiri yẹn ni ibùsùn àwọn ọmọ wà.

A fọ̀rọ̀ lọ àwọn èèyàn. Onílé ní kí a fi sílẹ̀, pé ara rẹ̀ á wálẹ̀. Aládùúgbò kan ní kí a wá fọ́ọ̀mù wé e. Òmíràn ní bó ṣe ń dún yẹn, owó wa ló ń kà ní ìlọ́po méjì. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti pẹ́ níbí jù wá lọ wá pè wá síkọ̀kọ̀, wọ́n ní: "Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ rọra o. Àlejò ni wá. Ẹ ṣì ń retí soggiorno yín, ẹ wá fẹ́ máa bá ilé-iṣẹ́ gáàsì fa wàhálà?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa yìí ló jẹ́ kí a kọ ìwé yìí. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà pẹ̀lú wọn. Èrò tiwa ni pé kí ayálégbé ní kí wọ́n wá wo mítà kì í ṣe ìjà. Ara ohun tí à ń sanwó fún nínú bílì ni. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

A mọ ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ti wá. Nílé, bí transfọ́mà bá bàjẹ́, àdúgbò ló máa ń dáwó ra òmíràn. Bí òpó iná bá wó, àwa náà la máa wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Kódà lẹ́yìn tí ìjọba Nàìjíríà ti fa iṣẹ́ iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní ọdún 2013, ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń san bílì tí wọ́n kàn fojú dá. Ó ti mọ́ wa lára pé ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nítòsí wa, àwa la ni àtúnṣe rẹ̀, ẹni tó bá sì bèèrè ń wá wàhálà. Àṣà yìí la kó dé ibí, ó sì ń ná wa lówó.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mítà ń sọ

Kí a tó fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a mọ ìdí tí mítà fi ń dún. Nínú ọ̀pọ̀ mítà gáàsì ilé, àwọn àpò pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Gáàsì á wọ ọ̀kan, á kún un, á sì ti èyí tó wà nínú ìkejì jáde. Iye ìgbà tí wọ́n bá kún tí wọ́n sì tú ni mítà ń kà. Nítorí náà, ìró kékeré nígbà tí iná bá ń jó kì í ṣe àìsàn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àwọn mítà tuntun kan wà tí kò ní àpò nínú rárá, wọn kì í sì í dún bẹ́ẹ̀.

Ariwo ńlá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mítà tuntun lè má bá àyè ti àtijọ́ mu. Wọ́n á fa páìpù díẹ̀ kó lè bá a, páìpù náà á sì fara kan ògiri tàbí àpótí irin, ògiri á wá di ìlù. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń súfèé, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń dín agbára gáàsì kù kó tó wọ mítà ló ń dún. Kò sí èyí tó fi hàn nínú méjèèjì pé mítà ń ka owó lé wa lórí. Ariwo kò sọ bóyá ìkà mítà pé tàbí kò pé.

Ìdánwò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ẹ pa sítóòfù, ẹ pa caldaia, ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo gáàsì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ara mítà kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́yìn àmì ìdá. Ẹ dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tún un wò. Bí nọ́ńbà bá dúró síbi tó wà, tí mítà sì dákẹ́, ẹ̀rí rere ni. Ṣùgbọ́n bó bá ń dún nígbà tí gbogbo nǹkan wà ní pípa, tàbí tí nọ́ńbà ń sún, gáàsì ń lọ síbì kan tí ẹ kò mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí arábìnrin wa kan ní Padua nìyẹn. Ó gbọ́ tí mítà tuntun rẹ̀ ń dún láàárín òru, ó sì ti múra láti bú àwọn tó gbé e síbẹ̀. Rọ́bà tó so sítóòfù tirẹ̀ mọ́ páìpù ló ti sán. Déètì wà lára rọ́bà náà, ó sì ti kọjá tipẹ́. Mítà tó rò pé ó ń dà á láàmú, òun ló ń kìlọ̀ fún un.

Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má ṣe ìdánwò kankan mọ́. Ẹ má tan iná, ẹ má pa èyí tó ti wà ní títàn, ẹ má tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ẹ ti gáàsì pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ tó pe fóònù níta. Nọ́ńbà pàjáwìrì ilé-iṣẹ́ tó ni páìpù wà lára bílì, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń gbé e tọ̀sán tòru. Ẹ tún lè pe 112. Ẹ rántí pé gáàsì inú sílíńdà tí a mọ̀ nílé wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn sí. Ti páìpù ibí fúyẹ́, òkè àjà ló ń lọ.

Ààlà wà láàárín tiwọn àti tiwa

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kó má ní ààlà. Láti òpópónà títí dé mítà, àti mítà fúnra rẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ tó ń pín gáàsì ni. Ohun tó bá wà lẹ́yìn mítà, ìyẹn páìpù inú ilé, rọ́bà, sítóòfù àti caldaia, ti onílé àti ayálégbé ni. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ já èdìdì mítà, a kò gbọdọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni tú u, àní bó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa tó mọ iṣẹ́. Bí àtúnṣe bá wà ní apá tiwa, púlọ́ńbà tó ní àṣẹ lábẹ́ òfin ọdún 2008 tí wọ́n ń pè ní D.M. 37 ni kí a pè, ẹni tó lè fún wa ní ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti gáàsì pa nítorí jíjò, wọ́n á bèèrè ìwé yẹn kí wọ́n tó ṣí i padà.

Ilé-iṣẹ́ méjì ló tún wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Láti ọdún 2003 ni gbogbo ilé ní Ítálì ti láǹfààní láti yan ẹni tí yóò ta gáàsì fún wọn. Orúkọ ẹni tó ń tà ló wà lókè bílì. Ẹni tó ni páìpù àti mítà kì í yí padà bí a bá yí ẹni tó ń tà padà. Nọ́ńbà 14 kan wà lára bílì tí wọ́n ń pè ní PDR. Òun ni wọ́n fi ń dá ilé wa mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún rántí pé àwa kọ́ la ní kí wọ́n wá pààrọ̀ mítà. Ní ọdún 2008 ni aláṣẹ tó ń mójú tó iná àti gáàsì, èyí tó ń jẹ́ ARERA lónìí, pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi mítà tí wọ́n lè kà láti òkèèrè rọ́pò ti àtijọ́. Ẹni tó bá gbé nǹkan wọlé wa láìjẹ́ pé a bèèrè, ó yẹ kó gbé e dáadáa.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ kó lè dá wọn létí

Fóònù dára, ṣùgbọ́n ìwé ló ní ẹ̀rí. Ẹ kọ reclamo sí ẹni tó ń ta gáàsì fún yín, kí ẹ fi PDR sí i, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ mítà, àsìkò tó ń dún àti èsì ìdánwò yín. Ó gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ 30. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó ìtánràn tọ́ sí yín, inú bílì ni wọ́n sì máa ń san án sí. Bí èsì kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, Sportello ARERA wà ní 800 166 654, ọ̀fẹ́ ni. Ìlàjà tí ARERA ṣètò náà ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2017 sì ni ìlàjà ti di dandan kí ẹjọ́ gáàsì tó lè dé kóòtù.

Bí ẹ bá ń fura sí ìkà mítà, ẹ lè ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá rí i pé kò pé, wọ́n á ṣe ìṣirò bílì lákọ̀tun, ẹ kò sì ní san nǹkan kan. Bó bá pé, ẹ̀yin lẹ máa sanwó àyẹ̀wò, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a tìtorí ariwo nìkan bèèrè rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé mítà àtijọ́ lọ, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀. Láti ọdún 2019, bí wọ́n bá mú bílì gáàsì tó ti ju ọdún méjì lọ wá, ẹ lè kọ̀wé pé ẹ kò san án.

Bí bílì bá wà lórúkọ onílé, òun ló yẹ kó kọ̀wé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i ní kíkọ, kó má baà sọ pé òun kò gbọ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń kanlẹ̀kùn pé àwọn wá wo mítà, tí wọ́n wá ń bèèrè bílì yín tàbí tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì. Òṣìṣẹ́ mítà kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni lẹ́nu ọ̀nà.

Ní Moncalieri, a pè ní ẹ̀ẹ̀mejì, kò sí èsì. A kọ̀wé, òṣìṣẹ́ kan sì wá. Ó fi ọwọ́ kan páìpù, ó ní ẹ̀yìn àpótí irin ló fara tì. Ó tú u, ó tò ó, ó fi ìdè dì í mú. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó ṣì ń dún kọ̀ kọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń sùn. Kò gba kọ́bọ̀, kò sì sí ẹni tó bèèrè soggiorno wa.

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ wa ní àpẹẹrẹ lẹ́tà reclamo kan ní èdè Ítálì, kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè mú un ní ìpàdé, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó gbọ́ èdè sì bá a kún un. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní kí a dákẹ́ náà, a ti ń bá wọn kọ tiwọn. Mítà tiwọn ti ń dún láti ọdún tó kọjá.