Gbogbo Ìlànà Ẹgbẹ́ Ló Yẹ Kó Ní Ọjọ́ Àyẹ̀wò

Ìwé pẹlẹbẹ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹ̀yin olóyè wọn

Ẹ̀yin èèyàn wa, kò sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kò ní ìlànà. Ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé yóò san owó ìtanràn. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó yóò mú oníduùró méjì wá. Kò sẹ́ni tó lè yá ju ìlọ́po méjì owó tó ti fi pamọ́ lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun yóò kọ́kọ́ dáwó fún oṣù mélòó kan kó tó fẹnu ba ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó. A mọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni mowó. Ohun tí a kò mọ̀ ni bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi olóyè ẹgbẹ́ yín léèrè pé, láti ìgbà tí ẹ ti ń gba ìtanràn, ṣé àwọn èèyàn ti ń tètè dé? Iye owó tí ìtanràn mú wọlé ni wọ́n máa sọ fún yín. Ìyẹn kọ́ lẹ béèrè.

Ohun kan ṣoṣo ni ìwé yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹgbẹ́ má ṣe fọwọ́ sí ìlànà kankan mọ́ láìdá ọjọ́ tí wọn yóò padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Owó ní ọ́dítọ̀, ìlànà kò ní

Kí ẹgbẹ́ tó máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba làwọn baba ńlá wa ti ń dá èsúsú. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, kọ̀wé lórí rẹ̀ lọ́dún 1952. Ìlànà èsúsú kò pọ̀, gbangba sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ń hàn: bí owó bá kan ẹnì kan tí kò rí i gbà, ariwo á ta lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́dún 1934 ni C. F. Strickland, tó ti ṣiṣẹ́ ọba nílẹ̀ Íńdíà, jábọ̀ fún ìjọba amúnisìn lórí bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣe lè gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin tẹ̀ lé e lọ́dún 1935. Bí ìwé òfin, ìwé ẹ̀yáwó àti àyẹ̀wò ìwé owó ṣe di ti gbogbo ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ nìyẹn.

Ohun rere ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1993 ṣì ń pa á láṣẹ pé kí wọ́n yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ọ́dítọ̀ á dé, á wo rìsíìtì, á ka iye tó wà ní báńkì, á sì buwọ́ lùwé. Bí náírà mẹ́wàá bá sọnù, a óò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ìlànà kan bá ti ń lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dáadáa lọ fún ọdún mẹ́wàá, kò sí ojú ìwé kankan tí yóò ti hàn. Ọ́dítọ̀ lè jẹ́rìí pé owó ìtanràn pé. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti sọ bóyá ó yẹ ká máa gba ìtanràn náà.

2. Àwọn ará Rochdale kọ́kọ́ wádìí ohun tó pa ti àkọ́kọ́

Gbogbo ẹni tó bá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti gbọ́ orúkọ Rochdale, ìlú àwọn ahunṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé èèyàn 28 ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì ṣí ìsọ̀ wọn lójú ọ̀nà Toad Lane ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844. Wọn kì í sábà sọ fún wa pé ìsọ̀ mìíràn ti wà ní ìlú yẹn kan náà láti ọdún 1833, tó sì ti kógbá wọlé ní 1835. Àwìn ló pa á.

Nígbà tí àwọn ti 1844 fẹ́ ṣe ìlànà tiwọn, wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó dùn ún gbọ́. Ikú ìsọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní owó lọ́wọ́ ni wọn yóò fi máa tajà, kò sí àwìn. Ìlànà yẹn le fún tálákà, tálákà sì ni púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, ó ní ìdí tí gbogbo wọn fojú rí, ó sì rọrùn láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́: ẹni tó bá ṣí ìwé ìsọ̀ yóò rí i bóyá gbèsè wà níbẹ̀. Ìlànà tó ní ìdí, tó sì ní ohun tí a lè fi wọ̀n ọ́n, lọmọ ẹgbẹ́ máa ń gbà, bó tilẹ̀ ta á lára.

3. Ìlànà lè ba ohun tó fẹ́ tún ṣe jẹ́

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìtanràn. Lọ́dún 2000, Uri Gneezy àti Aldo Rustichini gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti ìlú Haifa ní Ísírẹ́lì. Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi mẹ́wàá ni wọ́n lò. Àwọn òbí kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá mú ọmọ wọn, olùkọ́ á sì máa jókòó tì wọ́n. Wọ́n fi ìtanràn ṣékélì mẹ́wàá lọ́lẹ̀ ní mẹ́fà nínú àwọn ilé ìwé náà, wọn kò sì fọwọ́ kan mẹ́rin tó kù.

Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tó ń pẹ́ ń pọ̀ sí i ni. Títí wọ́n á fi parí ìwádìí náà, àwọn apẹ́dé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kí ìtanràn tó dé, ojú olùkọ́ tó ń dúró làwọn òbí ń rò. Nígbà tó dé, wọ́n kà á sí owó iṣẹ́: mo ti sanwó, ẹ bá mi dúró. Nígbà tí wọ́n sì fagi lé ìtanràn náà, ìwà àwọn òbí kò padà sí ti tẹ́lẹ̀.

N kò sọ pé gbogbo ìtanràn ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìlànà tó bọ́ sétí dáadáa lè ṣiṣẹ́ òdìkejì, kò sì sẹ́ni tí ìbá mọ̀ ká ní wọn ò ka iye apẹ́dé ṣáájú, ká ní wọn ò sì fi ilé ìwé mẹ́rin sílẹ̀ láti fi wéra. Ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀ka púpọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìná kọ́bọ̀: kí ẹ̀ka méjì kọ́kọ́ dán ìlànà tuntun wò fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn yòókù ṣì máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe.

4. Máàkì lórí ìwé kì í ṣe iṣẹ́

Àwọn kan á ní, “Àwa ń tẹ̀ lé ìlànà wa, ẹ wá wo ìwé wa.” Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn. Lọ́dún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde fún iṣẹ́ abẹ. Nǹkan 19 ló wà níbẹ̀: ta ni aláìsàn yìí, ibo lára rẹ̀ la fẹ́ ṣí, ṣé abẹ́rẹ́ àti òwú tí a lò pé kí a tó rán an padà? Ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ lágbàáyé ló kọ́kọ́ dán an wò, Ifakara ní Tanzania sì wà lára wọn. Nínú àbájáde tó jáde lọ́dún 2009, àwọn tó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dín kù láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ontario ní Kánádà pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn máa jábọ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àwọn ilé ìwòsàn ní àwọn ń lò ó nínú iṣẹ́ abẹ tó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ilé ìwòsàn 101 wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde jáde lọ́dún 2014, ikú kò dín kù tó ohun téèyàn lè tọ́ka sí. Ìwé kan náà ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà gbà pé fífi máàkì sínú ìwé yàtọ̀ sí kí dókítà àti nọ́ọ̀sì dúró bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tòótọ́.

Ohun méjì ni ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ máa béèrè, kí a má ṣe pò wọ́n pọ̀: Ṣé wọ́n ń ṣe é? Ṣé ohun tí a torí rẹ̀ ṣe é ti ń ṣẹlẹ̀?

5. Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé ẹ̀yáwó

Ẹ mú ìlànà oníduùró méjì, torí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń lò ó. Ìdí rẹ̀ ni pé, bí ayáwó bá sá, owó ẹgbẹ́ kò ní í bómi lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí akọ̀wé ṣí ìwé ẹ̀yáwó, kó mú bébà òfìfo, kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ owó lọ́wọ́lọ́wọ́, kó wá fa ìlà láti ara ayáwó kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ àwọn oníduùró rẹ̀.

Ó lè rí i pé Ìyá Bọ́lá àti Bàbá Kẹ́hìndé dúró fún Ìyá Ṣadé, Ìyá Ṣadé àti Ìyá Bọ́lá dúró fún Bàbá Kẹ́hìndé, Bàbá Kẹ́hìndé àti Ìyá Ṣadé sì dúró fún Ìyá Bọ́lá. Gbogbo wọn ló jẹ owó. Ìlà náà yípo, ó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lórí fọ́ọ̀mù, ẹ̀yáwó kọ̀ọ̀kan ní oníduùró méjì, ọ́dítọ̀ kò sì ní ẹ̀sùn kankan. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá kùtà fún ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, àwọn méjì tó kù kò ní ohun tí wọn yóò fi gbà á sílẹ̀.

Kí akọ̀wé tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ká sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan ní 200,000 náírà nípamọ́, kò yáwó rí, ó sì dúró fún ẹni méjì. Ilé ìwé ọmọ rẹ̀ wọlé, ó fẹ́ gba owó rẹ̀, wọ́n ní kò ṣeé ṣe nítorí ọrùn rẹ̀ ni gbèsè onígbèsè wà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í bínú ní ìpàdé. Ó kàn máa ń dákẹ́, bí ó bá sì ti bọ́ nínú dídúró yẹn, a kì í rí i mọ́. Bí ẹgbẹ́ bá ka iye oníduùró tó kúrò nínú ẹgbẹ́ láàárín ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ nínú ìdúró, wọn yóò mọ ohun tí ìlànà náà ń ná wọn. Bóyá ohun tó yẹ ni pé kí onígbèsè má lè dúró fún onígbèsè. Bóyá owó ìdáàbòbò díẹ̀ lórí ẹ̀yáwó kọ̀ọ̀kan ló dára jù. Ìwé ẹ̀yáwó yín ni yóò sọ, kì í ṣe ẹni tó lóhùn jù ní ìpàdé.

6. Ohun tí a ń béèrè fún

Kí ìlànà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, kí ojú ìwé náà sì dáhùn ìbéèrè márùn-ún. Ìṣòro wo ló bí i? Kí la retí pé yóò yí padà, báwo sì ni nǹkan náà ṣe rí lónìí? Ta ni yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀? Ta ni ó lè ni lára, ṣé a sì ti bi wọ́n? Ọjọ́ wo la ó padà wá wò ó?

Ìbéèrè kẹrin ni a sábà máa ń fò. Àwọn tó ń ṣe ìlànà ìpàdé aago mẹ́rin kì í ṣe àwọn tó ń kó àtẹ wọlé ní aago mẹ́fà. Kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìlànà, kí wọ́n pe mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn tí yóò kàn jù, kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Kí àwọn tó ṣe ìlànà má sì dá yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ìpàdé gbogboogbò yan ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ kún wọn, torí kò sẹ́ni tó ń pe ọmọ tirẹ̀ ní òbu.

7. Èsì fún àwọn tó ń ṣiyèméjì

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òfin kò sí lọ́wọ́ wa, pé ìjọba ló ni í. Òótọ́ ni pé àtúnṣe ìwé òfin ẹgbẹ́ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àyàfi tí ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń ni wá lára kò sí nínú ìwé òfin. Aago ìpàdé, iye ìtanràn, bí a ṣe ń to ẹni tí ẹ̀yáwó kàn: ìpinnu ìgbìmọ̀ ni wọ́n, ẹgbẹ́ sì lè yí i padà.

Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ akọ̀wé ti pọ̀ jù. Ẹ má yẹ gbogbo ìlànà wò lọ́dún kan náà. Ẹ mú mẹ́ta. Bí ìlànà bá pọ̀ débi tí ẹgbẹ́ kò lè yẹ̀ wọ́n wò láàárín ọdún mẹ́rin, wọ́n ti pọ̀ jù nìyẹn.

Àwọn àgbà nínú wa á sì ní bí a ṣe bá a nìyí. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, àwọn tó ṣe ìlànà wọ̀nyí mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Bí ìdí náà bá ṣì wà, àyẹ̀wò yóò fi hàn, ìlànà yín yóò sì túbọ̀ lágbára. Bí kò bá sí mọ́, kò sí ọlá nínú pé ká máa pa á mọ́.

8. Àbá fún ìpàdé gbogboogbò

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ síbẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹnì kan dá a lábàá, kí ẹnì kejì tì í lẹ́yìn:

“Láti òní lọ, ẹgbẹ́ yìí kò ní fọwọ́ sí ìlànà tí kò ní ìdí, òṣùwọ̀n àti ọjọ́ àyẹ̀wò. Lọ́dọọdún, ìgbìmọ̀ àti ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí ìpàdé yàn yóò yẹ ìlànà mẹ́ta wò, wọn yóò sì jábọ̀ fún ìpàdé gbogboogbò. Ìlànà tí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ bá kọjá pẹ̀lú oṣù mẹ́fà láìsí ìjábọ̀ ti dópin.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn olóyè yóò fẹ́ yọ kúrò. Ẹ má gbà fún wọn. Bí kò bá sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bá ṣe àyẹ̀wò, àyẹ̀wò náà yóò di máàkì lórí ìwé. Owó yín ni, ẹgbẹ́ yín ni. Ẹ dá a lábàá ní ìpàdé tó ń bọ̀.