Ẹ Má Jẹ́ Ká Ju Ewéko Ojú Fèrèsé Nù

Àbá kan wà nílẹ̀ tí a óò dìbò lé lórí ní ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀. Àbá náà ní kí ọjọ́ àṣà tó dé, kí a kó gbogbo ewéko tí kì í ṣe ti Yorùbá kúrò lójú fèrèsé yàrá ẹgbẹ́. "Gbogbo" tí wọ́n ń wí yìí kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ: aeonium inú ìkòkò amọ̀ ńlá nì. Ọ̀dúndún àti àbámọdá ni ìyókù, kò sì sẹ́ni tó pe àwọn yẹn lẹ́jọ́. Èmi kò fara mọ́ àbá yìí. Mo fẹ́ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìbò tó pé, torí bí a bá dé ìpàdé, ẹni tóhùn rẹ̀ bá ròkè jù ló máa ń borí.

Fún ẹ̀yin JSS1 tí ẹ ò tíì wọ yàrá náà: igi rẹ̀ nípọn tó àtàǹpàkò, kò sí ewé lára rẹ̀, ó sì yẹ̀ka káàkiri. Ṣóńṣó orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ewé wà, wọ́n tò yípo yípo bí òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, wọ́n ki, omi kún inú wọn, àwọ̀ wọn sì pọ́n dúdú bí àgbálùmọ̀ tí kò sí, kí n kúkú sọ pé bí aró. Àwọn kan rò pé òdòdó ni orí yẹn. Ewé ni o. Àgùnbánirọ̀ tó kọ́ wa ní Baólójì ló mú ẹ̀ka kan wá, ó fi ìwé ìròyìn wé e, kò gùn ju bírò lọ. Nígbà tó parí ìsìn rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Orí méje ló ní báyìí.

Ìdí àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n wa tó dá àbá náà sọ ni pé ewéko òyìnbó ni. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Erékùṣù Kánárì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìran aeonium ti wá. Inú òkun Àtìláńtíìkì ni àwọn erékùṣù yẹn wà, èyí tó sún mọ́ ilẹ̀ jù nínú wọn kò sì jìnnà sí etíkun Mòrókò ju nǹkan bíi 100 kìlómítà lọ. Sípéènì ló ń ṣàkóso wọn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo máàpù ara ògiri kíláàsì Jọ́gíráfì, ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà ni ẹ ó bá wọn. Àwọn ẹ̀yà kan nínú ìran yìí tún wà ní Cape Verde, òmíràn sì wà lórí òkè ní Etiópíà. Tiwa yìí, Aeonium arboreum, Gran Canaria ni ilé rẹ̀. Linnaeus, ará Sweden tó sọ ọ̀pọ̀ ewéko lórúkọ, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1753, ó sì fi ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "bí igi" kún orúkọ rẹ̀. Bí òyìnbó bá sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn kò sọ ọ́ di ọmọ òyìnbó. Àwọn náà kúkú ló ń pe ọ̀dúndún ní Kalanchoe.

Ẹ jẹ́ ká wá béèrè ibi tí àbámọdá ti wá. Àbámọdá tí gbogbo wa ń fi yangàn, ewé tí àwọn àgbà ń lò pé kí ohun tí èèyàn bá dá lábàá ó ṣẹ! Ará Mádágásíkà ni. Òkun Íńdíà ló wà, apá kejì Áfíríkà pátápátá, ó jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀ ju Kánárì lọ dáadáa. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé kò sẹ́ni tó tún rántí pé ó wọlé wá ni. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ lé àbá yìí láìṣègbè, àbámọdá gan-an ni yóò kọ́kọ́ jáde. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tá à ń jẹ ní yàrá oúnjẹ náà yóò tẹ̀ lé e, nítorí láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti wá. Ta ló fẹ́ sùn láìjẹ ẹ̀bà lálẹ́ ọjọ́ àṣà?

Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù nìyí, àgùnbánirọ̀ yẹn ló sì kọ́kọ́ fi hàn wá: mọ̀lẹ́bí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀dúndún, àbámọdá àti aeonium, inú ìdílé Crassulaceae kan náà ni wọ́n wà. Ẹ fọwọ́ kan ewé ọ̀dúndún, ẹ tún fọwọ́ kan ti aeonium, ẹ ó rí i pé ìtutù kan náà ló wà lára wọn. Àwọn SS2 tó ń ṣe Baólójì mọ̀ pé orúkọ ìdílé yìí ni wọ́n fi pe ọgbọ́n kan tí ewéko ilẹ̀ gbígbẹ ń dá: lọ́sàn-án, wọ́n á pa àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ewé wọn dé kí oòrùn má bàa fa omi inú wọn gbẹ, ó di òru kí wọ́n tó ṣí i láti gba afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá ju aeonium sóde tó wá fi ọ̀dúndún sílẹ̀, ọmọ ìyá méjì ló ń yà.

Ìdí kejì tí wọ́n sọ lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ọdọọdún ló ń kú, pé yóò dójú tì wá lójú àlejò. Mo mọ ohun tí wọ́n rí. Bí ooru Jọ́ọ̀sì bá mú ní oṣù Ẹrẹ́nà sí Igbe, ewé ìsàlẹ̀ á gbẹ, á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, orí tó là bí àwo á sì ká jọ bí ìkúùkù ọmọdé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní ó ti tán. Kò kú o, ó sùn ni. Ní Kánárì, ìgbà òtútù ni òjò máa ń rọ̀. Nígbà ooru, ilẹ̀ á gbẹ táútáú. Ewéko yìí ti kọ́ láti ìran dé ìran pé kí òun ju ewé tí òun kò lè bọ́ sílẹ̀, kí òun sì ká ìyókù jọ títí ooru yóò fi lọ. Nígbà tí òjò bá balẹ̀ tí atẹ́gùn sì tutù, ẹ wá wò ó.

Àánú ló ń ṣekú pa á, kì í ṣe ooru. Lọ́dún tó kọjá, bí ewé ṣe ń já bọ́, ńṣe ni àwọn kan ń bu omi sí i láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí àsẹ́ḿbìlì. Ewéko tó ń sùn kì í mu omi púpọ̀. Omi á dúró sínú yẹ̀pẹ̀, gbòǹgbò á rà, ẹ̀ka á rọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ẹ̀ka méjì la pàdánù báyẹn. Mo ti ń bójú tó o láti ìgbà náà, ohun tí mo sì ń ṣe kò le rárá. Mo máa ń ti ìka bọ inú yẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá ṣì tutù, mo bá tèmi lọ. Bí ó bá ti gbẹ, mo á bomi sí i títí omi yóò fi jáde nídìí ìkòkò, mo á sì da èyí tó bá dúró sínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń tó bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó tún béèrè omi. Nígbà ooru tó fi ń sùn, ife kan lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó o.

Yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì. Yẹ̀pẹ̀ pupa àyíká wa yìí máa ń le bí bíríkì bí ó bá gbẹ, bí ó bá sì rin, kì í tètè jẹ́ kí omi kọjá. Ìwọ̀n ilẹ̀dú kan, ìwọ̀n yanrìn kan, èyí tó rí ṣákaṣàka tí àwọn bíríkìlà fi ń po kankéré, kì í ṣe èyí tó kúnná, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ bí ìdajì ìwọ̀n: ìyẹn ló wà nínú ìkòkò náà báyìí. Kí ìkòkò ní ihò nídìí. Mo tún un sọ, kí ó ní ihò! Kò sí ohun tí èèyàn lè fi ewéko omi ṣe nínú ìkẹ̀ tí kò ní ihò ju kó pa á lọ.

Ìlú wa ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà ju ìtẹ́jú òkun lọ. Mo gbà pé ìtutù yìí ló jẹ́ kí ó rọ́wọ́ mú lọ́dọ̀ wa. Bóyá ojú rẹ̀ ì bá rí màbo nínú ooru Èkó. Ṣùgbọ́n òjò oṣù Agẹmọ àti Ògún kì í ṣe eré níbí, torí náà abẹ́ òrùlé ni kó wà nígbà náà. Ojú fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ló wà báyìí, ó ń rí oòrùn àárọ̀ dáadáa. Bí ẹ bá gbé e sínú òkùnkùn, àwọ̀ dúdú rẹ̀ á ṣí di ewé tútù lásán, ọrùn rẹ̀ á sì máa gùn gbọọrọ láti wá ìmọ́lẹ̀ kiri. Kòkòrò funfun kan wà tó dà bí òwú, tó máa ń sá sí àárín ewé. Ẹ fi òwú tí ẹ rì bọ sípíríìtì nù ún, ó tán.

Ẹ tún ro ti ìsinmi ńlá. Ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì ni wá, gbogbo wa là ń lọ sílé, ta ló ń dúró bomi rin nǹkan? Ẹ rántí efinrin tí a gbìn. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí ó fi di koríko gbígbẹ. Aeonium yìí dúró lórí fèrèsé fún gbogbo ìsinmi náà láìsí ẹni tó wò ó, ó sì ń dúró dè wá nígbà tá a wọlé. Bí a bá ní ká ṣa ewéko tó bá ìgbé ayé ilé ẹ̀kọ́ bíi tiwa mu, sé a tún lè rí èyí tó dáa ju èyí lọ?

Ti orúkọ wá kù. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀dúndún òyìnbó, mo sì ti sọ ìdí tí ìyẹn kò fi tọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó bá ọ̀dúndún tan, ó sì yẹ̀ka. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ọ̀dúndún ẹlẹ́ka. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá sípàdé. Iṣẹ́ tó yẹ ẹgbẹ́ èdè nìyẹn jàre, pé kí nǹkan wọlé wá ká sì rí orúkọ fún un.

Ohun kan ṣì wà lọ́kàn mi tí n kò ní lè gbé mì. Ọ̀rọ̀ náà "kì í ṣe ti wa" kò yẹ kó yá wa lẹ́nu, àwa tá a wà níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Ìbàdàn rí. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí wa sí, àwọn kan sì ṣì ń bi wá pé ìgbà wo la máa padà sílé. Ọmọ Berom ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, òun ló sì ń fi àmì ohùn sórí ìwé ìròyìn tí ẹ ń kà yìí, torí òun ló mọ̀ ọ́n jù nínú wa. Nígbà tí wọ́n ka àbá náà, mo wo ojú rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ní in lọ́kàn, ewéko là ń sọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tá a bá kọ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ kì í dúró lórí ewéko nìkan.

Nítorí náà, èmi náà dá àbá temi: kí ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà pa pọ̀ lọ́jọ́ àṣà, kí a kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sí iwájú rẹ̀, Mádágásíkà náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, kí JSS2 méjì sì dúró níbẹ̀ láti ṣàlàyé fún àlejò bí wọ́n ṣe jẹ́ ìbátan.

Kí ẹ̀rù má sì ba ẹnikẹ́ni pé a fẹ́ fi dandan mú un. Mo ti gé orí méjì nínú méje náà pẹ̀lú ọ̀bẹ mímọ́, mo fi igi bíi 12 sẹ̀ǹtímítà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wà nínú ibòòji láti ọjọ́ Ajé kí ojú ọgbẹ́ wọn lè gbẹ, torí bí a bá gbìn ín ní tútù, ó lè rà. Ẹ má gbìyànjú ewé nìkan bí ẹ ti ń ṣe fún àbámọdá, kì í sábà hù. Ibi tí mo ti gé wọn, ẹ̀ka tuntun ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan kó wá bá mi lẹ́yìn pírẹ́ẹ̀pù ọjọ́ Ẹtì, kó sì mú agolo tó ti lu ihò sídìí rẹ̀ dání.