“Èmi Ò Mu Sìgá Rí” Kì Í Ṣe Àjẹsára

Ẹ dúró ní ibùdókọ̀ Challenge nílùú Ìbàdàn, kí ẹ bi ẹni mẹ́wàá léèrè irú ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń mú. Kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta, ẹ ó ti mọ ohun tí ẹni kẹwàá máa sọ: amúsìgá ni. Awakọ̀ Micra gbà bẹ́ẹ̀, ìyá alákàrà gbà bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ àti lèmọ́ọ̀mù gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń fọkàn èèyàn balẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ kì í mu sìgá. Àbọ̀ òótọ́ ni. Àbọ̀ tó kù ló ń pa èèyàn.

Mi ò wá gbèjà sìgá o. Láti 1950 ni Richard Doll àti Austin Bradford Hill ti yẹ àwọn aláìsàn wò káàkiri ilé ìwòsàn ní London, tí wọ́n sì fi hàn pé sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jọ ń rìn ni. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí àrùn náà bá mú 100 èèyàn, sìgá ló wà nídìí ti nǹkan bíi 85 nínú wọn. Ìbàdàn gan-an kò lè ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun: ibí ni British American Tobacco ṣí ilé iṣẹ́ sìgá ńlá rẹ̀ sí ní 2003. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́, àmọ́ ẹ lọ wo orí àtẹ ní Agbowó lálẹ́, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn. Nítorí náà, mi ò ní ká fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Sìgá ni ẹ̀tẹ̀ náà. Ẹni tó bá ń mu ún, kó jáwọ́.

Ṣùgbọ́n 85 kì í ṣe 100. Ní ọdún 2022 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ èèyàn ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú lágbàáyé. Ẹ yọ ti sìgá kúrò níbẹ̀, àwọn tó kù ṣì lé ní 300,000. Ní Amẹ́ríkà, nínú 100 ẹni tó ní in, mẹ́wàá sí ogún ni kò mu sìgá rí, tàbí tí gbogbo èyí tí wọ́n mu láyé wọn kò tó ọgọ́rùn-ún ẹyọ. Kí ló wá mú àwọn yẹn?

Èéfín ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín ọkọ̀ oní-dísù ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tó di 2013, wọ́n fi afẹ́fẹ́ ìta tó ti dọ̀tí pàápàá sí ìsọ̀rí kan náà tí sìgá wà. Ẹni tó bá ti dúró de ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí tírélà tú dúdú sí i lójú, mọ ohun tí mò ń wí. Èéfín igi ìdáná náà wà nínú ìwé wọn, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó máa fà á. Sìgá tí bàbá ń mu ní pálọ̀ ń wọ inú ìyàwó àtọmọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni eruku asbestos, èyí tí wọ́n fi ṣe àjà ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ nílẹ̀ wa: bí kò bá sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kò burú tó bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí káfíńtà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ wó lulẹ̀ láìbo imú.

Nílùú Ìbàdàn yìí kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Olópàdé àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná, wọ́n fún apá kan nínú wọn ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù. Èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba sítóòfù tuntun sàn ju ti àwọn yòókù lọ. Ìwádìí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe ti jẹjẹrẹ, mi ò sì ní yí i po fún yín. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé èéfín ààrò kì í dúró sí ààrò.

Ẹ wá wo bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe ń pa èèyàn. Obìnrin tí kò mọ ẹnu sìgá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó mu àgbo, ó lọ ra kápúsù ní kẹ́míìsì, ikọ́ kò lọ. Wọ́n yàwòrán àyà rẹ̀, òjìji kan wà níbẹ̀. Kì í mu sìgá, nítorí náà ikọ́ ife ni! Lóòótọ́, ikọ́ ife pọ̀ láàárín wa, àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tètè lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán àyà, àrùn méjèèjì lè jọra bí ìbejì. Oògùn ikọ́ ife, oṣù mẹ́fà. Bí wọn kò bá rí kòkòrò ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tí wọ́n kàn ní kí aláìsàn máa lo oògùn lọ, tó sì ń rù sí i, oṣù mẹ́fà tí jẹjẹrẹ fi ń rìn nìyẹn. Àwòrán lásán kò lè sọ orúkọ jẹjẹrẹ. Ó di kí wọ́n ya CT scan, kí wọ́n wá gé bíńtín nínú ibi tó wú, yálà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tàbí pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu, kí wọ́n gbé e sábẹ́ máíkíróskóòpù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí wà ní ilé ìwòsàn UCH, níbi tí wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Ohun tó dùn mí jù ni pé jẹjẹrẹ tó sábà ń mú ẹni tí kò mu sìgá lè jẹ́ irú èyí tó ní oògùn tirẹ̀. Irú kan wà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, nǹkan bíi 15 nínú 100: ó ń sáré tàn ká, amúsìgá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń mú, cisplatin tàbí carboplatin pẹ̀lú etoposide ni wọ́n sì fi ń gbógun tì í. Nínú irú kejì tó pọ̀ ju èyí lọ ni adenocarcinoma wà, òun ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí kò mu sìgá. Bí wọ́n bá tètè rí i, iṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́ kúrò. Bó bá ti tàn, àyẹ̀wò àbùdá lè fi hàn pé àbùdá tó ń jẹ́ EGFR tàbí ALK ló yí padà nínú rẹ̀. Fún EGFR, gefitinib, erlotinib àti osimertinib wà. Fún ALK, crizotinib àti alectinib. Oògùn oníhóró ni wọ́n, ilé lèèyàn ti ń gbé wọn mì. Wọn kì í wo èyí tó ti tàn sàn pátápátá, wọ́n sì wọ́n bí ojú, àmọ́ wọ́n lè dá a dúró fún ìgbà pípẹ́. Ta ló máa béèrè àyẹ̀wò yẹn fún ẹni tí wọ́n ṣì ń fún ní oògùn ikọ́ ife?

Ẹ̀gàn tún wà níbẹ̀. Gbàrà tí wọ́n bá dárúkọ àrùn náà, àwọn ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ wá aláìsàn lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá: ìgbà wo lo ń mu ún tá ò mọ̀? Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló mú agbẹjọ́rò Gani Fawẹ̀hinmi lọ ní ọjọ́ 5 Oṣù Kẹsàn-án 2009, ẹni ọdún 71, gbogbo Nàìjíríà ló sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Àánú kan náà tọ́ sí aláìsàn àdúgbò yín, kódà bó mu sìgá fún ogójì ọdún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Bódìjà, ẹ̀yin ará Ring Road, bí ikọ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, bí ohùn bá há láìnídìí, bí ara bá ń rù, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sọ gbogbo èéfín tẹ́ ẹ ti fà símú fún dókítà: ti ààrò, ti gáréèjì, ti jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá sì ti lo oògùn ikọ́ ife fún oṣù méjì tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ padà lọ béèrè pé: “Dókítà, ṣé ẹ ti wo ti jẹjẹrẹ?” Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi “ṣebí ẹ kì í mu sìgá” dá yín padà sílé.