Oúnjẹ Ọmọ Ló Yẹ Kó Ṣáájú Aṣọ Rẹ̀



Ní gbogbo ọjọ́ Àtàlátà ni èrò ń wọ́ lọ sí ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ láti ra aṣọ, bàtà àti báàgì. Bí ọdún Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ti àwọn ọmọ ni à ń rà jù. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ ẹni wọ aṣọ tó dára. Ṣùgbọ́n ara tó wà lábẹ́ aṣọ náà ńkọ́, kí ni a fi ń bọ́ ọ?

Púrótíìnì ni Ọlọ́hun fi mọ ẹran ara, awọ, irun àti èékánná wa. Púrótíìnì dà bí tẹ̀súbáà: àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí à ń pè ní amino acid ni a sín pọ̀ tó fi di odidi. Oríṣi 20 ni wọ́n. Ara lè ṣe 11 fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n inú oúnjẹ ni 9 yòókù ti gbọ́dọ̀ wá. Bí a bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹja, ikùn á tú ìlẹ̀kẹ̀ náà ká, ara á sì tún un sín sí irú èyí tó nílò. Bí ẹyọ kan nínú 9 náà bá wọ́n, ibẹ̀ ni sísín máa dúró sí, bí àwọn yòókù tilẹ̀ kún inú ara.

Ìdí nìyí tí ògì lásán kò fi tó ọmọ. Amino acid tó ń jẹ́ lysine kò tó nínú àgbàdo, sísẹ́ ògì sì tún ń dín púrótíìnì rẹ̀ kù. Ẹ̀wà ní lysine dáadáa. Èyí tó ń jẹ́ methionine ló kéré sí i lára, àgbàdo sì ní ìyẹn. Àwọn ìyá wa tó ń fi àkàrà mu ògì, tí wọ́n ń fi mọ́ín-mọ́ín jẹ ẹ̀kọ, ohun tó pé ni wọ́n ń ṣe.

Ní 1933, Dókítà Cicely Williams kọ nípa àìsàn kan tó rí lára àwọn ọmọdé ní Accra. Ní 1935 ó lo orúkọ tí àwọn ará Gá ń pè é, kwashiorkor: àìsàn tó ń mú ọmọ tí wọ́n bí àbúrò lé. Wọ́n ti já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, oúnjẹ àgbàdo ló wá kù fún un. Ẹsẹ̀ á wú, irun á pupa, awọ á máa bó. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ ti rí i pé àìtó púrótíìnì nìkan kọ́ ló ń fà á. Síbẹ̀, bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ wíwú lára ọmọ, ẹ má pè é ní sísanra; ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àìkọ́ ọmọ ló ń sọ ọmọ di olè, ẹyin kọ́. Ẹ̀yin bàbá, kò yẹ kí ẹran mẹ́ta wà nínú àwo yín kí ọmọ máa lá ọbẹ̀.

Nínú Suuratul-Baqarah, aayah 233, Ọlọ́hun sọ ọdún méjì gbáko fún ìyá tó bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú pé. Ó tún gbé ìtọ́jú ìyá náà lé bàbá lọ́wọ́: oúnjẹ ni a kọ́kọ́ dárúkọ níbẹ̀, kí a tó dárúkọ aṣọ. Ẹ jẹ́ kí owó ọjà wa tẹ̀ lé ètò yẹn. Ẹ yọ owó ẹ̀wà, edé àti ẹyin sọ́tọ̀ ná, kí ẹ tó wọ Aswani. Ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ máa po ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná tàbí edé lílọ̀ mọ́ ògì rẹ̀, kó sì máa mu ọmú lọ.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà. Aamiin.