Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ Iṣẹ́ Linker

Kò sí ẹni tó ń kọ́ èdè C tí kò ní bá "undefined reference" pàdé ní kété tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti kọjá fáìlì kan ṣoṣo. Lójú tèmi, àṣìṣe yìí kò le. Bí a ṣe ń kọ́ni ni kò jẹ́ kó yéni. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni compiler ń yẹ fáìlì kọ̀ọ̀kan wò, tó sì ń sọ ọ́ di fáìlì .o. Bí main.c bá pe function tó wà nínú isiro.c, ìkéde inú isiro.h ti tó compiler. Linker ló máa wá ojúlówó function náà kàn. Ẹni tó bá tẹ "gcc main.c" nìkan, àṣìṣe ni yóò rí. Kó tẹ "gcc main.c isiro.c -o eto", ó parí. Kò sí iye #include "isiro.h" tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Àwọn kan á ní bọ́tìnnì kan ṣoṣo nínú IDE ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ lóde òní. Òótọ́ ni, àmọ́ bọ́tìnnì kì í ṣàlàyé. Bí àpẹẹrẹ, ní 2020, compiler GCC 10 yí ìṣe rẹ̀ padà: "int iye;" nínú fáìlì .h tí fáìlì .c méjì jọ ń lò, èyí tó ń gbà láàyè tẹ́lẹ̀, wá ń fa "multiple definition". Ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ bá kọ̀. Kí a fi "extern" ṣáájú rẹ̀ nínú .h, kí a sì kọ "int iye;" sínú .c kan péré, ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn so fáìlì méjì pọ̀ kí ẹ tó fi bọ́tìnnì hàn wọ́n.